Obìnrin Tó Ń Retí Ọkọ̀ Tó Bàjẹ́

Ìyá Ẹ̀rí la máa ń pè é, kì í ṣe pé ó bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Ẹ̀rí. Ìbéèrè tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Bí oníbàárà bá ti fara ti káńtà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Ìyá Ẹ̀rí á jẹ́ kó sọ ọ́ tán, á yọ awò ojú rẹ̀, á nù ún, á sì béèrè pé, "Ẹ̀rí ńkọ́?" Èmi ni mò ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Fèrèsé kékeré kan ló wà láàárín wa, mo sì ti gbọ́ ìbéèrè yẹn débi pé mo lè fi sùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tuntun lọ́dọ̀ wa ní wáráńtì: bí nǹkan bá bàjẹ́ lára ọkọ̀ náà láàárín àkókò tí wọ́n dá, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kì í fi ọkọ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wọ inú ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n lè bá wọn yí ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sínú rẹ̀ padà, kí ọkọ̀ lè máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá jóná, wọ́n á gbé e padà wá fún wa pẹ̀lú ojú àánú. Ìyá Ẹ̀rí ló ń wò ó bóyá ọwọ́ ẹlòmíì ti wọ ibẹ̀, àti bóyá ọwọ́ náà ló ba nǹkan jẹ́.

Irọ́ tí obìnrin yìí ti gbọ́ kò kéré. Ọkùnrin kan sọ fún un pé ńṣe ni ẹ́ńjìnnì òun ṣàdédé lágbára sí i, bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Òmíràn ní àna òun ló yá ọkọ̀ náà, pé kò sí ohun tí àna òun ò lè ṣe. Ìyá Ẹ̀rí kì í bínú. Á ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Pé ọwọ́ wọ inú ọkọ̀ kò sọ pé wáráńtì ti kú. Tí ilẹ̀kùn yín ò bá ṣí, kí ló kan ẹ́ńjìnnì níbẹ̀? A máa tún un ṣe. Ohun tí ọwọ́ yẹn bá bà jẹ́ nìkan la ò ní tún." Síbẹ̀ wọn kì í gbà á gbọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ níta ni pé ẹni tó bá ti jẹ́wọ́ ti wọ gàù.

Ohun tó máa ń bí mi nínú nípa rẹ̀ ni pé kò fẹ́ kúrò ní káńtà yẹn. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí olú ilé iṣẹ́, sí yàrá tó ní kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń gbé tíì wá bá èèyàn lórí ìjókòó. Ó kọ̀. Wọ́n tún pè é, ó tún kọ̀. Èmi tí ẹ̀yìn mi ti tẹ̀ nídìí gbígbé páálí, kò sẹ́ni tó pè mí lọ síbì kankan rí, mo sì ń wo ẹni tó ń ta ire nípàá. Mo yọ orí lójú fèrèsé, mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Bàbá Sítọ́ọ̀, ọkọ̀ tó bàjẹ́ kì í dé ọ̀hún."

Mi ò lóye ọ̀rọ̀ yẹn àfìgbà tí ara ìyá rẹ̀ kò yá tí mo sì bá a délé lọ kí i. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, òórùn gọ́ọ̀mù àti awọ ló máa ń sin èèyàn gun àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá arúgbó náà jókòó sídìí fèrèsé tó kọjú sí títì, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn ìkíni tó fi wo ọmọ rẹ̀ lójú.

"Ọkọ̀ dé?"

"Kò tíì dé, Màámi."

"Ó dáa." Ó tún yí ojú sí fèrèsé. Mo rò pé ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé e lọ sílé ìwòsàn ló ń béèrè. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ni Ìyá Ẹ̀rí tó sọ fún mi pé ìbéèrè tí ìyá òun ń bi òun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, láti ìgbà tí àbúrò òun ti lọ.

Mo mọ àbúrò náà. Ibi iṣẹ́ wa yìí ló ti ṣe mẹ́káníìkì, Elétí la máa ń pè é, torí pé kì í yẹ ẹ̀rọ wò kó tó sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Á tẹ etí sí i, á dijú, á sì sọ ọ́. Kò sì jẹ́ tọrọ gááfárà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ń fi kọ̀ǹpútà wá ohun kan náà láti àárọ̀. Oníyẹ̀yẹ́ ni, ó máa ń pe sítọ́ọ̀ mi ní ibojì àwọn nọ́ọ̀tì àti bóòtù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe ń fi hàn án lọ.

Bàbá wọn, kó tó kú, ní ọkọ̀ àlòkù kan tí kò lè dúró kó má kú. Tó bá ti dé oríta, tí wọ́n ní kó dúró díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n, á kú fin-ín. Àwọn ọmọ méjèèjì á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, wọ́n á máa tì í, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn á máa fọn fèrè, àwọn ọmọ kíláàsì wọn á sì dúró máa wòran. Ẹ̀gbọ́n á máa tì í láìsọ̀rọ̀. Elétí ní tirẹ̀ á máa sunkún ìbínú bó ti ń tì í. Ó búra lọ́jọ́ kan pé kò sí ọkọ̀ tí òun máa fọwọ́ kàn láyé òun tó máa kú sí oríta. Ohun tó sì ń ṣe nìyẹn títí tó fi dàgbà. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí nígbà tí ọkọ̀ dúró tí kò lọ, sílò là ń pè é. Elétí kì í fi sílò síbi tí ilé iṣẹ́ fi í sí. Á gbé e sókè bíńtín, débi pé ẹni tí kò mọ ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ́ ọ.

Àṣírí rẹ̀ tú nígbà tó lọ bá oníbàárà kan fún ẹ́ńjìnnì lágbára níkọ̀kọ̀. Onítọ̀hún sá eré àsápajúdé, ẹ́ńjìnnì yọ́, ó sì gbé e wá fún wáráńtì pé òun ò mọ nǹkan kan. Iwájú Ìyá Ẹ̀rí ló bọ́ sí. Ó tan ohun tó kù tó ṣì lè ṣiṣẹ́ lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì rí sílò tó ga díẹ̀, àmì ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó rí ló kọ, wọ́n sì lé Elétí kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó dúró ní káńtà, ó ní, "Sìstá mi, bó ṣe rí lẹ ṣe kọ ọ́. Mi ò bínú." Ó sì lọ. Ó kó kúrò nílé tó ń gbé, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ká ní ó bínú ni, á ti padà wá jà, ìjà á sì ti parí tipẹ́. Ìtìjú ló gbé e lọ, ìyẹn ò sì ní ibi téèyàn lè wá a dé.

Èrò ìyá àtọmọ kò lọ́jú pọ̀. Elétí kò lè ṣe kó má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Nínú àwọn tó bá fọwọ́ kàn, ọ̀kan á ṣì ní wáráńtì. Tí nǹkan kan bá ṣe é, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa gbé e wá dandan. Ìdí nìyẹn tí obìnrin yìí fi jókòó sí káńtà, tó ń retí kí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ bàjẹ́. Àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n, wọn ò sì ní ọ̀nà míì.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fa ọkọ̀ alágbàfọ̀ wọlé. Ọkọ̀ ẹrù funfun ni, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún irin ìfaṣọkọ́, òórùn ọṣẹ sì ń jáde nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló gbóná jù lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, alágbàfọ̀ sì tètè pa á kó tó jóná. Àwọn mẹ́káníìkì bu omi sí i, wọ́n ní kí Ìyá Ẹ̀rí wá gbọ́ ọ. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó ṣáná sí i. Mo rí i láti ojú fèrèsé mi pé ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ́kọ́rọ́, kò gbé e kúrò.

"Bàbá Sítọ́ọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síbí."

Mo lọ. Mo na etí. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, tó ń jo omi, síbẹ̀ ó dúró sójú kan ó ń mí, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ bíńtín, kò sì gbèrò àtikú.

Kọ̀ǹpútà kò sọ ohun míì. Ẹnì kan ti wọ inú ọpọlọ ọkọ̀ náà, ó fún un lágbára níbi tí ọkọ̀ ti máa ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, kò fi ojúkòkòrò ṣe é, ó sì gbé sílò sókè. Ìyá Ẹ̀rí padà sí káńtà. Alágbàfọ̀ dúró níbẹ̀, ó ń fi áńkáṣífù nu ọrùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín wọ inú ọpọlọ ọkọ̀ yìí?"

"Ọpọlọ ọkọ̀? Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní ọpọlọ, Mà."

"Ẹnì kan wọ ibẹ̀."

"Á jẹ́ pé látọ̀dọ̀ yín ni. Bí mo ṣe rà á ló ṣe wà."

"Kì í ṣe torí wáráńtì ni mo ṣe ń béèrè, ẹ gbà mí gbọ́."

Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a wí. Obìnrin jókòó sí abẹ́ pátákó tí wọ́n kọ wáráńtì sí, ó ní òun ò béèrè torí wáráńtì. Aṣọ ilé ìtura tó wà lórí òkè ni alágbàfọ̀ fi ń jẹun. Tó bá jẹ́ pé òun ló máa fi owó ara rẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, á kọ́kọ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó tún un sọ pé, "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án," ó sì wo ilẹ̀.

Nígbà tó jáde, mo sáré sójú fèrèsé. Mo ní, "Ṣèlérí fún un. Sọ pé tó bá dárúkọ ẹni náà, o máa fọwọ́ sí i fún un. Kí ló le níbẹ̀?"

Ó yọ awò rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Tí mo bá fi wáráńtì ra ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ibi tó bá kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ló máa júwe fún mi. Màámi á wọ bàtà, a ó lọ, a ò sì ní bá ẹnì kankan. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi ná."

Ni wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù tó ń pín omi tútù ká inú ẹ́ńjìnnì ló là. Ìyá Ẹ̀rí gbé e sábẹ́ iná, ó wò ó pẹ́. Ibi tó là náà ti dípẹtà látinú wá, kì í ṣe ojú ọgbẹ́ tuntun. Ó bi mí bóyá irú rẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n dá padà sí sítọ́ọ̀. Mo tú páálí, mo ń ráhùn, mo ń sín, mo sì rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ti là.

Ó kó wọn lọ síwájú ọ̀gá wa, ọkùnrin tó máa ń ka bébà bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Ọ̀gá ní, "Ọwọ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì yìí, o sì ní ká tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ọwọ́ wọ ibẹ̀, sà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù yìí ti là láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Àwọn yìí ni ẹ̀rí."

Ọ̀gá yí àwọn pọ́ǹpù náà sọ́tùn-ún sósì. Ó ní ó dáa, kí wọ́n fi tuntun sí i, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ náà tó jáde, kí Ìyá Ẹ̀rí pa gbogbo ohun tí ẹni yẹn kọ síbẹ̀ rẹ́, kó dá ti ilé iṣẹ́ padà. Òfin ni. Obìnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ohùn rẹ̀ kò yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ̀ tí kò fẹ́ gbéra níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ọkọ̀ náà, ó lo àkókò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ láti lọ gbé ìyá rẹ̀ wá. Arúgbó náà wọ bàtà tó dára, ó so gèlè bí ẹni tó ń lọ kí àna. A gbé e sórí ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀ alágbàfọ̀. Ìyá Ẹ̀rí ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lára gbogbo nǹkan. Èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ọkọ̀, níbi tó ti ń gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́, ó dijú.

"Òun ni," ó wí. "Ọmọ mi nìyí."

Lẹ́yìn náà Ìyá Ẹ̀rí so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó ní, "Màámi, ẹ forí jì mí," ó sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tún ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, sílò ti wálẹ̀ síbi tí ilé iṣẹ́ fẹ́ ẹ sí. Kò sí àléébù kankan níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì gidi ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ pé ẹnì kan ti jáde nínú rẹ̀, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Àkókò yẹn ni alágbàfọ̀ wọlé wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Ó bá ìyá arúgbó nínú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Màmá." Mo rò pé ìyá máa béèrè ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, bí gbogbo wa ṣe ń béèrè. Kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà lójú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọmọ mi tó fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí, ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, Màmá. Ó tiẹ̀ ti ń yọ ikùn díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó ráyè dí i. Ó gbá ẹnu mú, ó wo Ìyá Ẹ̀rí bí olè tí ilẹ̀ mọ́ bá. Ìyá Ẹ̀rí di kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. "Wáráńtì yín ṣì múlẹ̀. Mo ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí, ìyá wa nìyí."

Alágbàfọ̀ jókòó sórí táyà kan. Ó ní ẹ̀yìn òkè ni Elétí ń gbé, ní tòsí ṣọ́ọ̀bù òun, pé ẹ̀rọ ìfọṣọ àti jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe, pé ó sì máa ń bá ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ ṣe ọkọ̀. Òkè yẹn náà ni, tá à ń rí láti ẹnu ilẹ̀kùn wa lójoojúmọ́. "Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn sọ fún mi pé tí ọkọ̀ yìí bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ yín nìkan ni kí n gbé e wá. Ó ní obìnrin tó wà ní káńtà kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ."

Ìyá Ẹ̀rí kọ ẹ̀yìn sí wa. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti fa bẹ́líìtì ìjókòó, ó ń wá ibi tó máa kì í bọ̀. Alágbàfọ̀ ní, "Màmá, mo ti fẹ́ máa lọ o." Ìyá ní, "Èmi náà. Mo ti jókòó." Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Kò sí ẹrù aṣọ nínú ọkọ̀ náà, á ṣì gun òkè láìsí agbára tí Elétí fi kún un.

Mo ní kí Ìyá Ẹ̀rí bá wọn lọ, pé èmi á dúró sí káńtà fún un. Ó mi orí. "Èmi ni mo kọ ọ́, Bàbá Sítọ́ọ̀. Màámi ò kọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí Màámi." Ó dúró sí ọgbà níbi tí ọkọ̀ náà ti kúrò, ó ń wo òkè, títí oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan káńtà. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ obìnrin yìí. Mi ò rí i kó wo nǹkan kan tó báyẹn rí.

A ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí fóònù orí káńtà dún. Ó gbé e, ó ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, ẹ̀ka wáráńtì nìyí." Ó tẹ fóònù mọ́ etí. Ó fi ọwọ́ pè mí. Mo yọ orí lójú fèrèsé, ó sì gbé fóònù náà sáàárín etí tèmi àti tirẹ̀. Kò sí ohùn èèyàn níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni, ó dúró sójú kan, ó ń mí. Ọkọ̀ alágbàfọ̀ ni, sílò tí Ìyá Ẹ̀rí fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn sì ti padà sókè.

Mo retí kó béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Kò béèrè ẹ̀rí kankan. Ó gba fóònù mọ́ra, omi sì ń dà lójú rẹ̀ kò nù ún.

"Ṣé o ti jẹun?" ó wí.

Ẹ́ńjìnnì náà kú lọ́hùn-ún, bí ẹni pé ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Mo pa fèrèsé mi dé, mo sì lọ sọ fún oníbàárà tó kù níta pé kó padà wá lọ́la.